Àárẹ̀ Tí Oorun Kì í Lé Lọ

Iṣẹ́ gàrí kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe gàrí Ìjẹ̀bú tó kan, tó sì gbẹ dáadáa, ó di dandan kó bẹ ẹ̀gẹ́, kó fọ̀ ọ́, kó lọ̀ ọ́, kó rọ ọ́ sínú àpò, kó fi í sílẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, kó fún omi ara rẹ̀ dànù, kó fi asẹ́ jọ̀ ọ́, kó tó wá jókòó ti iná láti máa yan án nínú èéfín àti ooru. Obìnrin ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn náà ló sì kún ọjà Òkè Àjé ní Ìjẹ̀bú-Òde láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á fi nǹkan sẹ́nu, wọ́n á sùn; tí ilẹ̀ bá mọ́, ara á ti balẹ̀, wọ́n á tún kọrí síbi iṣẹ́. Irú àárẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: a mọ ohun tó fà á, a sì mọ ohun tó ń lé e lọ. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin kan wà láàárín wa tí wọ́n ń sùn tí àárẹ̀ kì í lọ, tí ara wọn ń wúwo láàárọ̀ ju bó ṣe wúwo lálẹ́ àná lọ, tí gbogbo ara sì ń ro wọ́n láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ṣubú tàbí pé wọ́n ru ẹrù kan. Àìsàn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní fibromyalgia wà lára ohun tó ń fa irú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbí ni pé àìsàn ni àárẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìwà. Bí a bá ń fi òṣùwọ̀n àárẹ̀ iṣẹ́ wọ̀n ọ́n, a ó máa fìyà jẹ aláìsàn lórí ẹ̀sùn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni fibromyalgia. Ara á máa ro ẹni lápá òsì àti lápá ọ̀tún, lókè ìbàdí àti nísàlẹ̀ rẹ̀, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Oorun kì í ṣe ara lóore. Iyè á máa ra. Àárẹ̀ á sì fìdí jókòó sára. Ó lè mú ọkùnrin, ó lè mú ọmọdé, àmọ́ obìnrin ló ń mú jù. Ìwádìí tí Frederick Wolfe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ìlú Wichita lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1995, fi hàn pé nínú 1,000 obìnrin, bí 34 ló ní in, nígbà tó jẹ́ pé bí 5 péré ni nínú 1,000 ọkùnrin. Ní 1990, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn làkúrègbé ti Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí wọ́n fi ń dá a mọ̀: bí ara bá ti ń ro ẹni káàkiri fún oṣù mẹ́ta, dókítà á fi ìka tẹ ojú 18 lára rẹ̀, bí ó bá dùn ún ní 11 nínú wọn, ó ní in. Kò sí ibi tí ìlànà náà ti béèrè nípa àárẹ̀. Ogún ọdún gbáko kọjá, ó di 2010, kí wọ́n tó tún un kọ, tí wọ́n fi àárẹ̀, oorun tí kò ṣara lóore àti iyè tó ń ra kún ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ béèrè, tí wọ́n sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 3. Nǹkan ńlá ni mo ka èyí sí. Bí àwọn tó mọ̀ nípa àìsàn náà jù lágbàáyé bá lè fi ogún ọdún tẹ ara obìnrin láìfi bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó ṣe òṣùwọ̀n, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ọkọ, ìyá ọkọ àti ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà kò béèrè.

Ní 2002, Siv Söderberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti gbọ́ tẹnu àwọn obìnrin tó ní fibromyalgia, tí wọ́n sì gbọ́ tẹnu àwọn obìnrin tí ara wọn dá, lórí ọ̀rọ̀ àárẹ̀ kan náà. Lójú àwọn tí ara wọn dá, àárẹ̀ kò ju ara ìgbésí ayé lọ: ó ń tẹ̀lé iṣẹ́, ìsinmi sì ń mú un lọ. Ti àwọn tó ní àìsàn náà yàtọ̀ pátápátá: ara ti di ẹrù fún wọn, àárẹ̀ ń dènà ohun gbogbo tí wọ́n bá dáwọ́ lé, wọ́n sì ń retí ìgbà tí yóò fúyẹ́. Sweden jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n ohun tí àìsàn náà ń ṣe lára kò jìnnà. Obìnrin tó ní in ní Ìjẹ̀bú-Òde lè jí ní ìdájí kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gan, kó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó nà. Bó bá jẹ́ onídìrí ni, apá tó gbé sókè láti di irun oníbàárà yóò ti di òkúta kó tó di ìdajì orí. Bó bá jẹ́ olùkọ́, ìdúró níwájú pátákó fún wákàtí méjì lè gba gbogbo agbára tó ní fún ọjọ́ náà. Aṣọ fífún, iyán gígún, omi fífà nínú kànga, ewùrà rírin fún ìkọ́kọrẹ́, gbogbo iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń ṣe láìronú, yóò kọ́kọ́ jókòó ṣírò wọn, kó mọ èyí tóun lè ṣe àti èyí tóun ó fi sílẹ̀. Ti iyè tó ń ra tún wà níbẹ̀. Oníṣòwò tó bá gbàgbé iye tí oníbàárà kó fún un, tó fún un ní ṣéńjì tí kò pé, tàbí tí kò rántí ẹni tó ra ọjà àwìn lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn èèyàn kò ní sọ pé ara rẹ̀ ni kò yá. Wọ́n á ní ó fẹ́ rẹ́ni jẹ ni. Orúkọ rere lọ́jà kì í sì í tètè padà bó bá ti bọ́.

Ohun tí kì í jẹ́ kí àwọn èèyàn gba àwọn obìnrin yìí gbọ́ jù lọ ni pé àìsàn náà kì í dúró sójú kan. Ó lè san lónìí kó le lọ́la. Ẹ wo ayẹyẹ Ojúde Ọba, tí a máa ń ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ta ni ọmọ Ìjẹ̀bú tó fẹ́ kí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí òun, jáde kóun má sí níbẹ̀? Obìnrin tó ní fibromyalgia náà yóò we gèlè, yóò ró aṣọ òkè, yóò dúró nínú oòrùn, yóò jó dé iwájú ọba, ayọ̀ ọjọ́ náà yóò sì gbé e ró. Gbogbo ojú ló rí i. Kò sẹ́ni tó rí i lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin, nígbà tí kò lè kúrò lórí ibùsùn, tí ìmọ́lẹ̀ àti ariwo pàápàá ti pọ̀ jù fún un. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bó bá ní ó ń rẹ òun, wọ́n á ní: ṣebí o jó lọ́jọ́ Ojúde Ọba? Wọ́n rò pé ìbéèrè náà ti borí ọ̀rọ̀. Kò borí rẹ̀. Ijó yẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé ara rẹ̀ le. Ijó yẹn ló ná agbára ọjọ́ mẹ́rin tán láàárín wákàtí mélòó kan. Obìnrin tó bá ti gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní jáde mọ́. Yóò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, yóò fi àríyá sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ayọ̀ rẹ̀ jẹ́rìí takò ó. Ìdánìkanwà yẹn kò sí nínú àìsàn náà tẹ́lẹ̀. Àwa ni a fi kún un.

Àwọn onímọ̀ kò tíì rí gbogbo ìdí àìsàn náà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti rí tó láti pa ẹ̀sùn ọ̀lẹ rẹ́. Ní 2002 kan náà, Richard Gracely àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ èékánná àtàǹpàkò àwọn tó ní fibromyalgia àti ti àwọn tí kò ní in, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá tẹ aláìsàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ọpọlọ rẹ̀ á dáhùn bí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá tí wọ́n fi nǹkan bí ìlọ́po méjì agbára yẹn tẹ̀. Ojú lásán kò rí ìrora, ẹ̀rọ rí i. Ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, tó yẹ kí wọ́n máa yan ìròyìn tó ṣe pàtàkì nínú èyí tí kò ṣe pàtàkì, ti dà bí ajá ilé tó ń gbó olè, tó ń gbó àlejò, tó sì tún ń gbó ewé tó já lórí igi: kì í sinmi, kì í sì í jẹ́ kí onílé sinmi. Ìwádìí lórí oorun ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1975, Harvey Moldofsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto, ní Kánádà, kíyè sí i pé bí irú àwọn aláìsàn yìí bá sùn, ìgbì iná ọpọlọ tó jẹ́ ti ẹni tó lajú máa ń já wọ inú oorun àsùnwọra wọn. Wọ́n wá mú àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn dá ṣáṣá, wọ́n ń fi ariwo da oorun àsùnwọra wọn rú láìjẹ́ kí wọ́n jí pátápátá. Láàárín òru mélòó kan, ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn náà, àárẹ̀ sì mú wọn. Nítorí náà, bí obìnrin bá sùn wákàtí mẹ́jọ tó sì jí pẹ̀lú àárẹ̀, kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ó sùn lóòótọ́. Oorun náà ni kò ṣiṣẹ́ tó yẹ kó ṣe.

Àtakò àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ pé yóò wá ni ti àyẹ̀wò. Wọ́n á ní: a ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a ti ya àwòrán eegun rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òótọ́ ni pé kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó ń fi fibromyalgia hàn, àyẹ̀wò sì ṣe pàtàkì, nítorí pé àìtó ẹ̀jẹ̀, àrùn ẹṣẹ́ ọrùn, ìtọ̀ ṣúgà, lupus àti làkúrègbé tó ń wú oríkèé lè mú àárẹ̀ àti ara ríro wá bákan náà, ó sì yẹ kí dókítà kọ́kọ́ wá wọn. Ṣùgbọ́n kí àyẹ̀wò má rí nǹkan kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan. Orí fífọ́ túúlu náà kì í hàn nínú ẹ̀jẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé kò sí i. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ìṣòro náà tiẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn yọ: dípò kí wọ́n sọ pé kò sí nǹkan, wọ́n á sọ pé ibà ni. Obìnrin tó bá dé kẹ́mísì pé ara ń ro òun, pé ó sì ń rẹ òun, oògùn ibà ni wọ́n á kọ́kọ́ kó fún un. Bó bá padà wá lóṣù kejì, wọ́n á ní ibà ti dàpọ̀ mọ́ táífọ́ọ̀dù, wọ́n á ṣe àyẹ̀wò Widal, èyí tí kò ṣeé gbára lé nígbà kan ṣoṣo níbi tí táífọ́ọ̀dù bá ti wọ́pọ̀, wọ́n á sì fún un ní abẹ́rẹ́. Ọdún á gorí ọdún báyìí. Ibà ń pani lóòótọ́, ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná gbọ́dọ̀ tètè ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Àmọ́ ibà kì í fi ọdún méjì ro ara láìgbóná, láìpani, láìlọ. Ìgbà tó bá ti tó ẹ̀ẹ̀kẹta tí oògùn ibà kò ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ẹnì kan béèrè bóyá ibà ni.

Àtakò kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn kan yóò ní ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: ta ni obìnrin tí kò rẹ̀ ní Nàìjíríà lónìí? Ọjà wọ́n, owó ọkọ̀ gòkè, iná kò sí, ọmọ ń béèrè owó ilé ìwé. Wọ́n á ní àwọn olówó àti òyìnbó ló ráyè fún àárẹ̀ tó ní orúkọ. Gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ yẹn ló rí bẹ́ẹ̀, ìnira náà sì lè mú kí àìsàn yìí le sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni àìsàn náà. Ní 2003, àwọn oníwàádìí tẹ ìròyìn kan jáde nípa àwọn Amish ní Ontario, ní Kánádà, àwọn onígbàgbọ́ tó ń dáko, tó ń gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin, tí wọn kì í gba owó ìrànwọ́ àìsàn lọ́wọ́ ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ adójútòfò. Bí fibromyalgia bá jẹ́ ọgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbowó jẹ tàbí àṣà ìgbàlódé, kò yẹ ká bá a lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n bá a níbẹ̀, ó sì ju 7 lọ nínú 100 àgbàlagbà. Wọ́n ti bá a ní Brazil, ní Bangladesh àti ní South Africa pẹ̀lú. Tálákà ní in, olówó ní in. Ohun tó yàtọ̀ ni pé olówó lè gba ọmọ ọ̀dọ̀, kó sì sùn di ọ̀sán. Ẹni tó ń yan gàrí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà òun gan-an ló nílò kí wọ́n tètè dá àìsàn náà mọ̀.

Ti ayé àti ti ìdílé ńkọ́? Bí ìyá bá ní irú ìrora yìí, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bákan náà, kì í pẹ́ kí wọ́n tó máa sọ pé kì í ṣe ojú lásán. Ẹ̀rí wà pé àìsàn náà ń rìn nínú ẹbí: ìwádìí tí Lesley Arnold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2004 fi hàn pé ó ju ìlọ́po mẹ́jọ lọ tí ó fi lè wà lára òbí, ọmọ tàbí ọmọ ìyá ẹni tó ní in ju ti àwọn ẹbí aláìsàn mìíràn lọ. Bí gígùn àti àwọ̀ ṣe ń tọ ẹ̀jẹ̀ wá náà ni èyí ṣe lè máa tọ̀ ọ́ wá. Kò sí ẹni tí yóò ní kí onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí má gbàdúrà. Kí a má kàn jẹ́ kí ẹ̀sùn bọ́ sọ́rùn ìyá àgbàlagbà kan nínú ilé, kí a sì má jẹ́ kí aláìsàn fi ààwẹ̀ gbígbẹ pa kún àárẹ̀ rẹ̀.

Àwọn dókítà kan pàápàá yóò ní ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni, ìrònú ló pọ̀ jù. Ìbànújẹ́ ọkàn ń bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin yìí lóòótọ́. Ta ni kò ní bá, bí ara bá ń ro ó lójoojúmọ́ tí kò sì sẹ́ni tó gbà á gbọ́? Àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn tún wà tí kò ní in, ara sì ń ro wọ́n síbẹ̀. Ní 2021, Andreas Goebel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Britain àti Sweden mú èròjà adènà àrùn láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní fibromyalgia, wọ́n sì fi sára eku. Àwọn eku náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìfọwọ́tẹ̀ àti òtútù, wọn kò sì rìn tó bí wọ́n ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n mú lára àwọn tí ara wọn dá kò ṣe eku ní nǹkan kan. Eku kì í ronú owó ilé ìwé. Ìwádìí kan ṣoṣo kò lè parí ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kó mú kí ẹni tó ń sọ pé inú ọpọlọ lásán ló wà rọra sọ ọ́. Bí dókítà bá sì rí i pé ìbànújẹ́ ọkàn wà níbẹ̀, kí a má bẹ̀rù láti tọ́jú rẹ̀. Ní 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró, ní Abẹ́òkúta, láti fi han àwọn èèyàn wa pé àìsàn ọkàn ní ìtọ́jú. Lílọ sí Aró kò sọ ẹnikẹ́ni di wèrè.

Ìtọ́jú wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èyí tó ń wò ó sàn pátápátá. Èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: ìdárayá ni. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn làkúrègbé ilẹ̀ Yúróòpù gbé gbogbo ìtọ́jú yẹ̀ wò ní 2016, òun nìkan ṣoṣo ni wọ́n fi gbogbo ẹnu dámọ̀ràn. Àwọn aláìsàn á ní, ẹ ń sọ pé ó rẹ̀ mí, ẹ tún ní kí n máa rìn? Ẹjọ́ wọn tọ́, nítorí náà ni bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fi ṣe pàtàkì ju ìdárayá náà lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni kó kọ́kọ́ rìn, ní ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti wọ̀, kó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tí ara bá yá, kó má ṣe ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí kò bá yá, kó má fi gbogbo ara sùn sílẹ̀. Kó pín iṣẹ́ ilé sí ọjọ́, kó má dáwọ́ lé aṣọ fífọ̀ àti ọjà lọ́jọ́ kan náà. Oògùn bíi amitriptyline, tí dókítà ń kọ ní ìwọ̀n kékeré fún alẹ́, máa ń ran oorun àti ìrora àwọn kan lọ́wọ́, kò sì wọ́n. Èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn ṣọ́ra fún ni oògùn sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń tà kiri fún ara ríro. Láti 1985 ni ìwádìí ti fi hàn pé kò ran fibromyalgia lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà dìde. Lílo diclofenac lójoojúmọ́ ń ba ikùn àti kíndìnrín jẹ́, tramadol sì ń di bárakú.

Àwọn oníṣègùn làkúrègbé kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufemi Adelowo, tó wà lára àwọn tó gbé ẹ̀ka ìṣègùn náà ró nílẹ̀ wa, Ìkẹjà ní Èkó ló ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, owó ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde dé ibẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn lè san lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n. Dókítà gbogbogbòò ní Ilé Ìwòsàn Ìjọba Ìpínlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù lè dá àìsàn yìí mọ̀, bó bá béèrè, tí aláìsàn sì mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò mi tó ń ka ìwé yìí, bí ọ̀rọ̀ yìí bá jọ tirẹ, má ṣe kàn sọ fún dókítà pé ara ń ro ọ́. Sọ iye oṣù tó ti ń ro ọ́ àti gbogbo ibi tó ti ń ro ọ́. Sọ bí ara rẹ ṣe ń rí tí o bá jí. Sọ ohun tí o ń gbàgbé. Kó gbogbo oògùn tí o ti lò dání. Ìwọ ọkọ, bá ìyàwó rẹ lọ, kí o jókòó níbẹ̀ gbọ́ ohun tí dókítà bá sọ, kí o sì gba omi fífà àti aṣọ fífún lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀ ọ́.